Alẹ́ Kan Tí Ọkọ Mi Kò Sọ Fún Mi: Ohun Tí Ìwé Ẹ̀rí Ọlọ́pàá Kọ́ Wa

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé ni ní Houston, aago mọ́kànlá alẹ́ sì ni ní Ìbàdàn. Oṣù kọkànlá ọdún 2018 ni. Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà mi, ọkọ mi wà lórí fóònù, a jọ ń dáhùn àwọn ìbéèrè inú DS-260, fọ́ọ̀mù tí ẹni tí ó bá fẹ́ lọ fi Amẹ́ríkà ṣe ibùgbé gbọ́dọ̀ kọ. Mo ń ka ìbéèrè, ó ń dáhùn, mo ń tẹ ìdáhùn rẹ̀ síbẹ̀. Orúkọ bàbá. Ọjọ́ ìbí ìyá. Gbogbo ibi tí ó ti gbé láti ìgbà tí ó ti pé ọmọ ọdún 16. A ti kó ìwé wa jọ tán, nítorí náà iṣẹ́ náà ń yá, a sì ń fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí ó yá, mo dé orí ìbéèrè kan: ǹjẹ́ wọ́n ti mú ọ rí, tàbí dá ọ lẹ́bi rí, lórí ẹ̀sùn kankan, bí wọ́n tilẹ̀ ti dárí rẹ̀ jì ọ́?

Mo ti fẹ́ tẹ "Rárá" kí ó tó lanu. Ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo rò pé fóònù ló já. Mo pè é lórúkọ lẹ́ẹ̀mejì.

"Mo wà níbí," ni ó wí. "Tún un kà."

Mo tún un kà. Ó dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́yìn náà ni ó ní, "Fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ lọ́la."

Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ni mo ti jẹ́ aya ọkùnrin yìí nígbà náà. Mo mọ irú ọbẹ̀ tí ó fẹ́ràn, mo mọ iye tí ó ń gbà lóṣù, mo mọ orúkọ ọmọbìnrin tí ó fẹ́ fẹ́ kí ó tó mọ̀ mí. N kò mọ ohun tí ó wà nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn. N kò sùn lóru ọjọ́ náà.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí ni ọkọ tàbí aya yín wà ní òkè òkun, tàbí tí ẹ ń múra irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀. Nítorí yín ni mo ṣe kọ ìtàn yìí. Ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí wàhálà lásán, ni ó kọ́ èmi àti ọkọ mi ní ohun tí ọdún mẹ́rin ìfẹ́sọ́nà kò kọ́ wa. Ṣùgbọ́n kí n tó dé orí ọ̀rọ̀ tí ó bá mi sọ lọ́jọ́ kejì, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí a ṣe dé ibẹ̀.

Ìwádìí kì í ṣe ohun tuntun lọ́dọ̀ wa

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ pé ìjọba yóò wádìí ìwà ọkọ mi kí wọ́n tó gbà á wọlé, inú bí mi. Mo rò ó pé, ta ni wọ́n tí wọn yóò fi máa bi mí bóyá ọ̀daràn ni mo fẹ́? Mo sọ ọ́ fún ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màámi, pẹ̀lú ìrètí pé yóò bá mi bínú sí wọn. Ẹ̀rín ni Màámi bú sí.

"Ìyàwó mi, ṣé o rò pé a kò wádìí tìrẹ ni?"

Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé lọ́dún tí ọkọ mi kọ́kọ́ dárúkọ mi nílé, Màámi rán àbúrò wọn obìnrin lọ sí àdúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bí ẹni tí ó wá ra aṣọ ni ó ṣe wọ àdúgbò náà. Ọjọ́ méjì ni ó fi bá àwọn aládùúgbò wa tàkúrọ̀sọ. Nígbà tí ó padà dé Ìbàdàn, ó ti mọ ìwà bàbá mi, ó mọ ìdí tí ẹ̀gbọ́n mi fi kúrò nílé ọkọ àkọ́kọ́, ó sì mọ̀ pé mo máa ń sùn pẹ́ ní òwúrọ̀ Sátidé.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa ṣe ń ṣe é. Alárinà kì í ṣe ẹni tí ń gbé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ káàkiri nìkan, olùwádìí ni. Ẹbí ọkọ àti ẹbí ìyàwó yóò béèrè: ṣé wọn kì í jalè nínú ìdílé yẹn? Ṣé kò sí àrùn ẹ̀tẹ̀, wárápá tàbí wèrè tí ń tọ ìran wọn lẹ́yìn? Ṣé kì í ṣe ilé onígbèsè? Wọn yóò tún bi Ifá léèrè. Bí ìdáhùn bá dára ni a ó tó sọ ọ̀rọ̀ ìdána.

Ìjọba òkèèrè kò ní àbúrò obìnrin tí yóò rán lọ sí àdúgbò. Ìwé ni alárinà tiwọn. Ohun tí wọ́n ń wá kò sì yàtọ̀ púpọ̀ sí ohun tí Màámi ń wá: ta ni ẹni yìí kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa?

Kì í sì ṣe ẹni tí ń bọ̀ nìkan ni wọ́n ń wádìí. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, tí mo ń pe ọkọ mi wá, wọ́n wádìí èmi náà. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 2006, tí wọ́n ń pè ní Adam Walsh Act, kò jẹ́ kí ẹni tí wọ́n bá ti dá lẹ́bi pé ó ṣe àwọn ìwà ibi kan sí ọmọdé lè pe ẹbí rẹ̀ wá bẹ́ẹ̀ lásán.

Ohun tí òfin ń béèrè

Ọmọ Amẹ́ríkà tí ó bá fẹ́ mú ọkọ tàbí aya rẹ̀ wá yóò kọ́kọ́ fi ìwé ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n ń pè ní I-130 ránṣẹ́ sí USCIS, àjọ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ wíwọ̀lú. Dọ́là 535 ni mo san lórí rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2017. Owó náà ti lé sí i láti ìgbà náà. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i, fáìlì yóò lọ sí National Visa Center, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní NVC. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba owó físà, ìwé tí ó fi hàn pé agbára ẹni tí ń peni wá ká bùkátà, ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó àti ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní iléeṣẹ́ aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà ní Èkó ni ó gbẹ̀yìn.

Lórí ìwé ẹ̀rí ọlọ́pàá, ẹni tí ó bá ti pé ọmọ ọdún 16 ni òfin náà dè, ibi mẹ́rin ni ó sì ti lè di dandan kí ó ti gbà á. Èkíní ni orílẹ̀-èdè tí ó ti jẹ́ ọmọ onílùú, bí ó bá ti gbé ibẹ̀ ju oṣù 6 lọ. Èkejì ni orílẹ̀-èdè tí ó ń gbé lọ́wọ́lọ́wọ́, bí ó bá yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́, tí ó sì ti lò ju oṣù 6 lọ níbẹ̀. Ẹ̀kẹta ni orílẹ̀-èdè mìíràn tí ó bá ti gbé fún oṣù 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn tí ó ti pé ọmọ ọdún 16. Ẹ̀kẹrin ni ibikíbi tí wọ́n bá ti mú un rí, bí ó ti wù kí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré tó, bí ó sì ti wù kí àkókò tí ó lò níbẹ̀ kúrú tó.

Ọdún méjì ni ìwé náà fi ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n bá fi í sílẹ̀. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ ti orílẹ̀-èdè tí ènìyàn ti kúrò, tí kò sì padà síbẹ̀ mọ́ lẹ́yìn tí ó gbà á, kò ní ọjọ́ tí ó ń kú. Bí ìwé kan kò bá sí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tàbí ní èdè ìjọba ilẹ̀ tí ẹ ti ń tọrọ físà, ẹ gbọ́dọ̀ fi ìtumọ̀ tí ògbufọ̀ jẹ́rìí sí tì í. Nítorí náà, kí ẹni tí ó ti gbé Kútọnu tàbí Lomé rí má ṣe gbàgbé ìtumọ̀ ìwé Faransé rẹ̀.

Oṣù mélòó ní Accra?

Ìṣòro wa àkọ́kọ́ kò tóbi lójú. Mo mọ̀ pé ọkọ mi ti ṣiṣẹ́ rí ní Accra. Nígbàkígbà tí mo bá bi í bí ó ṣe pẹ́ tó níbẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ ni "bí ọdún kan." Kò sí ẹni tí "bí ọdún kan" ń dà láàmú níbi tí a ti ń jẹun. Lójú òfin, àlàfo ńlá ni ó wà láàrin oṣù 11 àti oṣù 13.

A bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ó yẹ pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ àtijọ́ wò, òǹtẹ̀ ẹnubodè kan hàn, èkejì ti pa rẹ́. Èmi wá inú àwọn àwòrán tí ó fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp nígbà tí a ṣì ń fẹ́ra wa sọ́nà. Mo rí èyí tí ó yà lọ́jọ́ tí ó kó dé ilé tí ó háyà, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ọdún 2014. Ó rí ìwé tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ fún un nígbà tí ó fẹ́ kúrò, ní ìparí oṣù kẹrin ọdún 2015. Ó ju oṣù 13 lọ.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní, "Ẹ kọ oṣù 11 síbẹ̀, ta ni yóò mọ̀?" Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ń ro owó ọkọ̀ àti wàhálà ẹnubodè fún wa ni. Èmi pàápàá rò ó fún ọjọ́ kan. Ọkọ mi ni ó kọ̀. Ó ní bí a bá fi irọ́ kékeré bẹ̀rẹ̀, a ó máa rántí irọ́ náà nínú gbogbo ìwé tí a bá kọ lẹ́yìn rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, ó wọ ọkọ̀ láti Èkó, ó gba Sẹ̀mẹ̀, Kútọnu àti Lomé kọjá, ó wọ Gánà ní Aflao. Ó tẹ ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ní olú iléeṣẹ́ ẹ̀ka ìwádìí ọ̀daràn ti ọlọ́pàá Gánà ní Accra, ó sì dúró títí ó fi gba ìwé rẹ̀.

Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ọkùnrin tí ó kọ̀ láti fi oṣù méjì parọ́ yìí náà ni ó dákẹ́ lórí fóònù ní oṣù kọkànlá.

Orúkọ kẹta

Ní oṣù kẹwàá, ó lọ sí Alágbọn ní Ìkòyí, níbi tí ẹ̀ka ìwádìí ọ̀daràn ti olú iléeṣẹ́ ọlọ́pàá Nàìjíríà wà, fún ti ilé. Ó kó pásípọ́ọ̀tù, fọ́tò àti ìwé ìbéèrè rẹ̀ dání, ó sì tún tẹ ìka. Ìwé náà jáde, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí àkọsílẹ̀ ọ̀ràn kankan lórúkọ rẹ̀. Inú wa dùn. Ó yà á, ó fi ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni mo ṣàkíyèsí pé orúkọ méjì ni ó wà lórí rẹ̀. Mẹ́ta ni ó wà nínú pásípọ́ọ̀tù. Ẹ̀bi náà kò sí lọ́rùn ẹnikẹ́ni bí kò ṣe ọkọ mi fúnra rẹ̀, tí ó fo orúkọ kẹta, èyí tí ìyá ìyá rẹ̀ sọ ọ́, nínú ìwé ìbéèrè tí ó kọ. Nílé wa, orúkọ pọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn: ti bàbá, ti ìyá, ti ìyá àgbà, oríkì, orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mọ́sálásí. Lójú ẹni tí ń ka ìwé ní ilẹ̀ òkèèrè, orúkọ kan tí ó bá dín lè sọ ènìyàn kan di méjì. Ó padà lọ sí Èkó, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì san owó lẹ́ẹ̀kejì.

Alẹ́ kan ní ọdún 2006

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀ lé alẹ́ Sátidé yẹn. Oṣù mẹ́fà péré ni ọkọ mi fi jù mí lọ, nítorí náà "ìwọ" ni a ń pe ara wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé "ẹ̀yin" ni mo ń pè é níwájú Màámi. Lọ́jọ́ náà, bí ó ti gbé fóònù, ohun tí ó kọ́kọ́ sọ ni, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Bí mo ṣe gbọ́ "ẹ" lẹ́nu rẹ̀ ni àyà mi já.

Ọmọ ogún ọdún ni ó jẹ́ ní ọdún 2006. Ó ti ṣe ìdánwò àṣewọlé sí yunifásítì, ó ń dúró de èsì. Ìdíje Ife Àgbáyé ń lọ lọ́wọ́ ní Jámánì, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì lọ wo bọ́ọ̀lù níbi tí wọ́n ti ń gba owó wíwò lọ́wọ́ ènìyàn. Bí wọ́n ṣe ń jáde ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, ọkọ̀ ọlọ́pàá dúró, wọ́n sì kó gbogbo ọmọkùnrin tí ó wà níbẹ̀. Ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí wọn lọ́rùn ni pé wọ́n ń rìn kiri láìnídìí. Ó sun àtìmọ́lé mọ́jú. Ní òwúrọ̀, Màámi dé pẹ̀lú owó èésú tí wọ́n fẹ́ fi ra ọjà, wọ́n gba béèlì rẹ̀, wọ́n sì mú un lọ sílé. Kò dé ilé ẹjọ́. Kò sí ẹni tí ó tún pè é.

Nígbà tí wọ́n délé, Màámi fún un ní omi wẹ̀, wọ́n gbé oúnjẹ kalẹ̀, wọ́n wá sọ gbólóhùn kan: "Ọ̀rọ̀ yìí kò gbọdọ̀ jáde nínú ilé yìí." Kò sì jáde fún ọdún 12.

Kì í ṣe àtìmọ́lé náà ni ó dùn mí. Ta ni kò mọ̀ pé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin tí kò ṣe nǹkan kan? Ohun tí ó dùn mí ni pé àbúrò Màámi wá sí àdúgbò wa, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ó gbọ́ bí mo ṣe ń sùn, ilé wọn sì fi tiwọn pamọ́ fún mi. Mo sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀. Ó ní òun kò fi pamọ́ láti tàn mí jẹ. Ojú ni ó ń ti òun. Mo ní ìtìjú kò yọ ọ̀rọ̀ kúrò nínú fọ́ọ̀mù. Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi sọ̀rọ̀ bí àjèjì.

Láàrin ọjọ́ mẹ́ta náà, n kò ní parọ́, èmi gan-an rò ó láti tẹ "Rárá". Ìwé Alágbọn ti wà lọ́wọ́ wa, ó mọ́ tónítóní. Ọdún kan àti oṣù kan ni a ti fi dúró láti ìgbà tí mo ti fi I-130 ránṣẹ́. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó kù láàrin wa àti ilé kan náà.

Ìbéèrè méjì tí a pè ní ọ̀kan

Mo lọ bá agbẹjọ́rò kan ní Houston, obìnrin kan tí ó jẹ́ ọmọ Iléṣà, tí ó ju ogún ọdún lọ lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Mo gbé ìwé Alágbọn kalẹ̀ níwájú wọn, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Wọ́n wò ó, wọ́n dá a padà fún mi. "Àbúrò mi, ìbéèrè méjì ni ẹ pè ní ọ̀kan. Ìwé ọlọ́pàá ń sọ ohun tí ó wà nínú àkọsílẹ̀. Fọ́ọ̀mù ń béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀."

Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé bí wọ́n bá kàn mú ènìyàn lásán, tí wọn kò dá a lẹ́bi níbikíbi, ìyẹn nìkan kò tó láti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn nínú irú ọ̀rọ̀ tiwa. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ oògùn olóró yàtọ̀ o, kí ẹni tí irú rẹ̀ bá kàn má ṣe dá a ṣe. Ohun tí ó ń ti ilẹ̀kùn ni irọ́. Ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ lórí ohun tí ó ṣe kókó kí ó lè rí físà gbà, òfin Amẹ́ríkà ka ìyẹn sí ìdí láti má ṣe gbà á wọlé títí ayé, àfi bí ó bá rí àforíjì pàtàkì gbà, èyí tí kò rọrùn láti rí. Alẹ́ kan ní àtìmọ́lé kò tó nǹkan. "Rárá" kan lórí kọ̀ǹpútà mi ni ì bá ya wá nípa fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Wọ́n gbà wá nímọ̀ràn pé kí a tẹ "Bẹ́ẹ̀ ni", kí a ṣàlàyé rẹ̀ ní ṣókí, kí ọkọ mi sì lọ ṣe ìwé ìbúra ní ilé ẹjọ́ nípa ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Bí ẹnìkan bá wà tí ó fojú rí i, kí ẹni náà búra pẹ̀lú.

Ẹnìkan ṣoṣo ni ó wà.

Ó tó ọjọ́ méjì kí ọkọ mi tó lè sọ ọ́ fún Màámi. Ìyá tí ó ti bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ fún ọdún 12 ni a fẹ́ ní kí wọ́n lọ sọ ọ́ níwájú akọ̀wé kóòtù, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ẹ̀rù ń bà á pé wọn yóò rò pé òun tú àṣírí ilé. Màámi gbọ́ ọ tán, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní kí ó fi fóònù pè mí.

"Ìyàwó mi," ni wọ́n wí, "èmi ni mo ní kí ó bò ó. N kò fẹ́ kí wọ́n máa pe ọmọ mi ní ará àtìmọ́lé. Bí ó bá ti wá jẹ́ pé ohun tí mo bò ni ó fẹ́ dí ọ̀nà yín, èmi náà ni n ó ṣí i."

Ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀ lé e, Màámi wọ aṣọ tí wọ́n máa ń wọ̀ lọ sí òde, wọ́n tẹ̀ lé ọmọ wọn lọ sí kóòtù ní Ìbàdàn, wọ́n sì búra.

Ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò

Oṣù kẹsàn-án ọdún 2019 ni wọ́n pe ọkọ mi sí iléeṣẹ́ aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà ní Walter Carrington Crescent, ní Victoria Island. Ó mú ojúlówó gbogbo ìwé rẹ̀ lọ: ti Gánà, ti Alágbọn tí orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lórí rẹ̀, àti ìwé ìbúra méjì. Ẹni tí ó dá a lóhùn ní ojú fèrèsé bi í nípa mi, nípa ìgbéyàwó wa, nípa iṣẹ́ rẹ̀ ní Accra. Ó wá ní, "O kọ ọ́ pé wọ́n ti mú ọ rí. Sọ ọ́ fún mi."

Ó sọ ọ́. Kò gba ìṣẹ́jú méjì. Ẹni náà béèrè bóyá ó dé ilé ẹjọ́, ó ní kò dé ibẹ̀. Ó ka ìwé Màámi, ó yí i padà, ó kọ nǹkan sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì bọ́ sórí ìbéèrè mìíràn. Ohun tí ó ti wà lọ́kàn ọkọ mi fún ọdún 13 kò ju ìyẹn lọ lójú ẹni tí ó wà níbẹ̀. Wọ́n gba pásípọ́ọ̀tù rẹ̀, wọ́n sì fi físà sí i.

Oṣù kẹwàá ọdún 2019 ni ó dé Houston. Ìgbéyàwó wa ti ju ọdún méjì lọ, nítorí náà káàdì ọlọ́dún mẹ́wàá ni wọ́n fún un dípò ti ọdún méjì. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní oṣù kejì ọdún 2020, ìkéde ààrẹ dí físà ìbùgbé mọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà, ó sì di oṣù kìíní ọdún 2021 kí wọ́n tó wọ́gi lé e. Bí a bá ti jókòó ti ọ̀rọ̀ yẹn pẹ́ díẹ̀ sí i, àwa náà ì bá wà lára àwọn tí ilẹ̀kùn náà tì mọ́ ìta.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ tiyín

Ẹ kọ ìtàn ìgbé ayé yín sílẹ̀ lóṣooṣù láti ìgbà tí ẹ ti pé ọmọ ọdún 16. Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé "bí ọdún kan". Àwòrán, ìwé ilé ìfowópamọ́ àti ìwé ilé iṣẹ́ yóò ràn yín lọ́wọ́.

Ẹ mọ ẹni tí ń fún ni níwèé ní ibi tí ẹ ti gbé. Ẹni tí ó ti gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gba tirẹ̀ lọ́dọ̀ ACRO. Ti Gúúsù Áfíríkà wà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá wọn, SAPS. Bí ó bá jẹ́ orílẹ̀-èdè mìíràn ni ó béèrè ìwé ti Amẹ́ríkà lọ́wọ́ yín, ọ̀dọ̀ FBI ni ẹ ó ti gbà á.

Ẹ má ṣe fi òfin orílẹ̀-èdè kan ṣe ti òmíràn. Àwọn tí wọ́n ti pé ọmọ ọdún 18 ni Kánádà ń béèrè ìwé yìí lọ́wọ́ wọn, èyí tí ó bá sì jẹ́ ti ilẹ̀ tí ẹ ń gbé lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ ju oṣù 6 lọ kí ẹ tó fi ìwé ẹ̀bẹ̀ yín ránṣẹ́.

Ẹ ka orúkọ yín lórí ìwé náà lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó kúrò níbi tí wọ́n ti fún yín, kí ẹ sì kọ gbogbo orúkọ tí ẹ ti jẹ́ rí síbi tí fọ́ọ̀mù bá ti béèrè rẹ̀.

Ẹ wo ojú ewé ìjọba fúnra rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó náwó. Owó ń yí padà, ìkéde sì ń yí padà: irú èyí tí ó wáyé ní ọdún 2020 tún padà bá àwọn ọmọ Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2026. Bí ọ̀ràn kan bá ti wà nínú ìtàn yín, bí ó ti wù kí ó kéré tó, ẹ bi agbẹjọ́rò.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé kí ẹ bi ara yín ní ìbéèrè fọ́ọ̀mù náà kí fọ́ọ̀mù tó bi yín. Ẹ jókòó lálẹ́ ọjọ́ kan, kí ọkọ sọ tirẹ̀, kí aya sọ tirẹ̀. Ibo lo ti gbé? Orúkọ wo lo ti jẹ́? Kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí ọ tí o kò sọ fún mi? Èmi náà ní tèmi tí mo sọ fún ọkọ mi lẹ́yìn tí ó sọ tirẹ̀. Ìyẹn kò sí nínú fọ́ọ̀mù kankan, n kò sì ní kọ ọ́ síbí.

Ìwé Gánà àti ìwé Alágbọn ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ wa ní Houston. Iṣẹ́ wọn ti parí, kò sí ẹni tí yóò tún béèrè wọn. Ìwé ìbúra Màámi ni ọkọ mi fi sínú férémù. Bí àlejò bá bi í pé kí ni, ó máa ń sọ ọ́ fún wọn.